Ọjọ́ Tí Wọ́n Ka Òkúta ní Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́

Bí ẹ bá dé Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ ní ọ̀sán gangan láyé ìgbà náà, ẹ ó rò pé ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìlú náà lọ ni. Ewúrẹ́ ni yóò kí yín káàbọ̀. Adìẹ á máa ṣa àgbàdo tí wọ́n sá sójúde jẹ, kò sí ẹni tí yóò lé e. Àfi bí ẹ bá rìn títí dé abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá tí wọ́n fi sọ ìlú lórúkọ ni ẹ tó máa rí Ọlọ́jà, olórí ìlú náà, Bàbá Morákinyọ̀, lórí àga rẹ̀, òun àti àwọn arúgbó bíi mélòó kan tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lọ síbì kankan, tí àwọn àdán ń han lókè orí wọn.

Kì í ṣe ogun o, iṣẹ́ ni. Máìlì mẹ́rin péré ni Ìdó sí wọn. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìlagi ti dé Ìdó, tí àwọn oníkòkó ti kọ́ ilé ìkẹ́rù síbẹ̀, tí ọjà ibẹ̀ náà sì ti fẹ̀ sí i, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì ni Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ ti máa ń tú jáde. Àwọn kan á wọ bọ̀lẹ̀kájà Yísà, àwọn kan á gun kẹ̀kẹ́, àwọn tó pọ̀ jù á fẹsẹ̀ rìn. Láyí ń la pákó. Wúlẹ̀mọ̀tù ń ta ìkòkò. Àrìnkẹ́, ọmọ-ọmọ Ọlọ́jà, ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Bí oòrùn bá wá rẹlẹ̀, gbogbo wọn á rọ́ padà wálé, èéfín á bo òrùlé, ariwo á sọ, àlejò á máa bèèrè bóyá ọjà ni wọ́n ń ná. Àwọn ará Ùsì, ìlú tó múlé tì wọ́n, tí ẹnu wọn kì í sinmi sọ wọ́n ní Ará A-wá-sùn. Wọn ò bínú. Wọ́n ní ó sàn kí àwọn ṣiṣẹ́ nílùú onílùú kí àwọn wá sùn nílé baba àwọn ju kí àwọn sùn sọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ oríkì àwọn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà wọ́n nínú jẹ́, ìyẹn ni odò Agbọ̀n tó wà láàárín àwọn àti Ìdó. Ìtì igi mẹ́ta ni afárá rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò bá le, odò á gbé ìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, bọ̀lẹ̀kájà kò ní í lè kọjá mọ́. Aboyún tí wọ́n bá sì ń gbé lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ní Ìdó, etí odò ni yóò bí i sí. Ọmọ tí a bá bí sójú ọ̀nà, ẹ mọ orúkọ rẹ̀, Abíọ́nà ni. Abíọ́nà mẹ́sàn-án ló wà nílùú náà ní ọdún 1961. Bí ìyá kan bá pe Abíọ́nà nírọ̀lẹ́ pé kó wá jẹun, ilé mẹ́sàn-án ni yóò jẹ́ ẹ. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú, àwọn náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìkẹwàá ni ọmọ Mùínàt, ìyàwó Yísà, inú òjò ló sì kú sí kí ẹnikẹ́ni tó rójú sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnikẹ́ni kì í fi ìyẹn ṣe àwàdà.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, tí ọyẹ́ ń jà, tí odò Agbọ̀n gbẹ débi pé òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síta, ni ìwé dé láti kánsù. Ìrọ̀lẹ́ ni Àrìnkẹ́ kà á lábẹ́ ọ̀pọ̀tọ́, gbogbo ìlú sì pé. Kánsù fẹ́ ṣe afárá oníkọnkéré kan ṣoṣo sórí odò náà, ìlú tí èrò rẹ̀ bá tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni yóò sì gbà á. Gbogbo wọn pariwo ayọ̀. Àrìnkẹ́ gbé ọwọ́ sókè pé òun kò tíì kà á tán. Ó ní wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1952, ènìyàn ọ̀kànlélọ́gọ́ta ló wà ní Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, ìyẹn ni wọn kò fi ṣe afárá fún un látẹ̀yìnwá, nítorí náà akọ̀wé kan ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Bí ohun tó rí kò bá tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìlú mìíràn ló ni afárá.

"Ọ̀kànlélọ́gọ́ta kẹ̀?" Wúlẹ̀mọ̀tù fò dìde. "Agbo ulé tèmi nìkan ju ọ̀kànlélọ́gọ́ta lọ! Àbí ewúrẹ́ ni wọ́n kà?"

"Ẹni tó ṣe wá báyìí," ni Láyí fi ìbínú wí, "Ọlọ́run kò ní í ka òun náà mọ́ ènìyàn!"

"Àmín!" ni gbogbo ìlú dáhùn. Bàbá Morákinyọ̀ nìkan ni kò ṣe àmín. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ korò bí ẹni jẹ ewúro tútù, nítorí òun gan-an ni wọ́n ṣẹ́ èpè fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Nígbà tó wà ní kékeré, akọ̀wé ìjọba kan wá sí agbo ilé wọn, ó ní kí baba rẹ̀ to àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kí òun kà wọ́n. Wọ́n jẹ́ méje. Akọ̀wé náà ń fi ìka tọ́ wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Kí ọdún náà tó parí, ilẹ̀ gbóná, àrùn náà sì mú mẹ́rin lọ nínú wọn. Ìyá rẹ̀ sọ títí ó fi kú pé ìka akọ̀wé yẹn ló pa wọ́n. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Morákinyọ̀ sì gba èyí gbọ́ bó ṣe gbà pé ilẹ̀ ń mọ́. Nígbà tí oníkànìyàn dé ní 1952, tó bá ìlú lófìfo lọ́sàn-án, tó bèèrè pé èèyàn mélòó ni wọ́n, Ọlọ́jà wo àwọn ewúrẹ́, ó ní, "Ọgọ́ta ni wá." Oníkànìyàn ní ṣé kí òun padà wá nírọ̀lẹ́? Ọlọ́jà ní rárá, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Oníkànìyàn fi Ọlọ́jà fúnra rẹ̀ kún un, ó di ọ̀kànlélọ́gọ́ta, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú Ọlọ́jà dùn lọ́jọ́ náà. Ó rò pé òun ti fi irọ́ kan ṣoṣo gba gbogbo ọmọ ìlú là.

Ó ti pinnu pé òun kò ní í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sọ ọ́? Àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kí ó wá dìde sọ pé òun ló ba tiwọn jẹ́? Ṣùgbọ́n bí èrò ti ń tú ká, Mùínàt wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́.

"Bàbá, ẹ bá mi gbàdúrà. Mo tún ti lóyún. Mo ro oṣù rẹ̀ títí, àárín òjò ló bọ́ sí." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. N kò lè tún bí i sí etí odò yẹn."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó fẹ́ sọ pé Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, àmọ́ ó tún gbé ọwọ́ náà kúrò. Iyán tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, òkèlè kan kò kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Èkìtì ni bàbá yìí o, kì í fi iyán ṣeré.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní kí wọ́n tún pe ìlú jọ. Ó dìde, ó sọ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀.

"Èpè tí ẹ ṣẹ́ lánàá, èmi ni ẹ ṣẹ́ ẹ fún," ó wí. "Kò sí ẹni tó kà wá. Èmi ni mo sọ fún wọn pé a ò ju ọgọ́ta lọ."

Ó sọ ti ìka akọ̀wé, ó sọ ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ mẹ́rin. Láyí kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kó tó bú jáde. "Ọdún mẹ́sàn-án, Bàbá! Ọdún mẹ́sàn-án la fi ń wọ́dò, ẹ sì mọ̀!" Yísà kàn yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyẹn ló sì dun Ọlọ́jà jù. Wúlẹ̀mọ̀tù ló gbé ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀. Ó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, ẹ bá wa dúpẹ́ pé kò tíì pé ogún. Ìbínú kò lè di afárá. Kí ni ṣíṣe?

Ṣíṣe kò rọrùn. Akọ̀wé ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀, ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ ọjà Ìdó. Ọ̀gá ilé ìlagi kì í sì í gbọ́ àwíjàre, ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan ti pa á jẹ títí. Ìyẹn nìkan kọ́. Ìyá Àbẹ̀ní tó dàgbà ju gbogbo obìnrin lọ la ọ̀pá mọ́lẹ̀ pé Ọlọ́jà kò ṣe àìdáa, pé kò sí akọ̀wé tí yóò fi ìka kan àwọn ọmọ-ọmọ òun, afárá kọ́, bí wọ́n fẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé òkè. Ọ̀pọ̀ ìyá sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Wọn kò ní í kà yín," ni Bàbá Morákinyọ̀ wí. Ó ti rò ó láti àárọ̀. "Ọdẹ ni àwọn tó tẹ ìlú yìí dó. Bí wọ́n bá ń wọ igbó, olúkúlùkù á fi òkúta kan sí ìdí ọ̀pọ̀tọ́ yìí. Bí wọ́n bá dé, olúkúlùkù á mú tirẹ̀. Òkúta tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ṣì wà nínú igbó. Wọn ò ka ara wọn rí. Òkúta kún inú Agbọ̀n báyìí. Kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, kó gbé e síwájú akọ̀wé. Òkúta ni kó kà."

Ìyá Àbẹ̀ní ronú díẹ̀. "Òkúta nìkan?"

"Òkúta nìkan."

"Bó bá jẹ́ òkúta, kó máa kà á di ọdún tó ń bọ̀."

Láyí rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rín in, àmọ́ ó rín in. Ó ku ohun kan: ta ni yóò dá akọ̀wé dúró di ìrọ̀lẹ́? Gbogbo ojú yí sí Ọlọ́jà. Ẹni tó lé oníkànìyàn lọ náà ni yóò dá akọ̀wé dúró.

Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀, akọ̀wé kánsù, dé ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó wọ ṣòkòtò kákí péńpé, ó fa ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, eruku ọyẹ́ sì ti kun ojú rẹ̀ ní funfun. Ó wo ìsàlẹ̀ ìlú, ó wo òkè ìlú. Ewúrẹ́ kí i káàbọ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Bàbá, ọ̀kànlélọ́gọ́ta yìí gan-an pọ̀ jù," ó wí.

"Ẹ jẹun ná," ni Ọlọ́jà fèsì. Wọ́n gbé iyán wá pẹ̀lú ẹran òkété. Ọládipọ̀ jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́. Ọlọ́jà mú un lọ wo ilé, ó ka ìlẹ̀kùn hàn án, ó fi ìkòkò ọbẹ̀ hàn án, ó ní ta ló ń jẹ gbogbo èyí? Akọ̀wé ní ìlẹ̀kùn kì í ṣe ènìyàn. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò lára ògiri. Oòrùn ṣì wà lókè, kò sí ìró ọkọ̀ kankan.

Ni Ọlọ́jà Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ bá ká agbádá ara rẹ̀ mọ́ra, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku níwájú ọmọ tí kò tó ọmọ rẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá! Yéè! Ẹ má fi èyí ṣe mí!"

"N kò dìde. Ẹni tó wá ṣáájú rẹ, èmi ni mo purọ́ fún un. Ìka tí wọ́n fi ka àwọn ọmọ ìyá mi ló ń bà mí lẹ́rù. Obìnrin kan wà nílùú yìí tí irọ́ mi pa ọmọ rẹ̀ sétí odò. Dúró kí oòrùn wọ̀. Bí ìlú yìí kò bá kún nígbà náà, kọ ohun tó wù ọ́."

Ọládipọ̀ fi kẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ó fà á dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù. "Ìyá tèmi náà kò jẹ́ kí wọ́n kà wá," ó wí. "Ẹ̀yìn àká ló kó wa pamọ́ sí." Ó wá béèrè ibi tí àga wà.

Etí odò ni wọ́n gbé àga lọ. Bí oòrùn ti ń pọ́n, fèrè bọ̀lẹ̀kájà dún lódì kejì, Yísà fọn ọ́n bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, ẹlẹ́sẹ̀ tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́, eruku sọ lálá. Wọ́n ń rọ́ bọ̀ nínú odò gbígbẹ náà, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń mú òkúta. Láyí ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ kalẹ̀, ó tó orí màlúù. Wúlẹ̀mọ̀tù ru tirẹ̀ sórí ìkòkò tó tà kù. Àwọn Abíọ́nà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tò tẹ̀ léra, olúkúlùkù di tirẹ̀ mú gírígírí. Àwọn àgbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti oko, Ìyá Àbẹ̀ní náà dé, ó ń kìlọ̀ fún akọ̀wé pé kó má wo ojú ẹnikẹ́ni, kó wo ilẹ̀. Akọ̀wé wo ilẹ̀. Ogún-ogún ló ń to òkúta náà jọ. Nígbà tó di òkìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Àrìnkẹ́ tó ń bá a tò ó kígbe pé, "Ó ti pé! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ti pé!" Ariwo ta, àwọn àdán fò lórí ọ̀pọ̀tọ́. Èrò sì tún ń rọ́ bọ̀ nínú odò.

Mùínàt dé, ó gbé òkúta méjì kalẹ̀.

"Ìyá, ẹyọ kan ni," ni Ọládipọ̀ wí, kò gbójú sókè. "Ta ló ni èkejì?"

Mùínàt gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Àwọn obìnrin rí i, igbe ayọ̀ sọ, Wúlẹ̀mọ̀tù gbá a mọ́ra. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ní òun kò lè kọ ẹni tí kò tíì dé ayé.

"Bó bá dé ńkọ́?"

"Ẹ ránṣẹ́ sí mi. Mo máa fi kún un."

Ó dá òkúta kan padà fún un, Mùínàt sì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni Bàbá Morákinyọ̀ sún síwájú, márùn-ún ló gbé dání. Ó gbé ẹyọ kan síwájú akọ̀wé, ó to mẹ́rin kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́. "Àwọn yìí kì í ṣe ti ìwé rẹ," ó wí. "Ti afárá ni." Ọládipọ̀ kò béèrè nǹkan kan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ọkùnrin gbé e sórí èjìká láti etí odò dé ìdí ọ̀pọ̀tọ́, òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Oṣù kẹta ni àwọn oníkọnkéré dé. Òkúta tí ìlú kó jọ náà ni wọ́n dà sí ìpìlẹ̀, àwọn ọkùnrin ń pò ó láti ìrọ̀lẹ́ títí ojú fi ṣú, wọ́n parí rẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlú ń jó. Ọlọ́jà bá wọn jó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bí ọmọ kan bá wúkọ́, ó ń gbọ́ ọ. Bí orí bá fọ́ ẹnikẹ́ni, á rán ènìyàn lọ béèrè. Ó ń retí kí ìka yẹn tún mú ẹlòmíràn lọ. Oṣù kẹrin kọjá, oṣù kẹfà kọjá, kò mú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí òjò rọ̀ jù nínú oṣù kẹjọ ni Mùínàt bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Agbọ̀n kún, ó ń hó yàà. Yísà gbé ìyàwó rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó wakọ̀ gba orí afárá kọjá, ìlú dúró sínú òjò, wọ́n ń wo iná ẹ̀yìn ọkọ̀ títí ó fi wọ inú igbó. Bàbá Morákinyọ̀ kò kúrò ní etí odò. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó wọlé, ó ní òun kò lọ síbì kankan. Wọ́n fi ewé kókò bò ó lórí. Ọjọ́ rọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ fèrè, Yísà sì ń fọn ọ́n bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Àárín afárá ni Yísà ti dá ọkọ̀ dúró. Mùínàt fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ náà dání, obìnrin ni, ó ń ké kíkankíkan. "Orí bẹ́ẹ̀dì la bí i sí!" Yísà ń pariwo. "Orí bẹ́ẹ̀dì, ní Ìdó! Bàbá, kí la ó pè é?"

"Ẹ pè é ní ohun tó bá wù yín," ni Bàbá Morákinyọ̀ dáhùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Abíọ́nà nìkan ni mo kọ̀!"

Mùínàt tú etí ìró rẹ̀, ó fi òkúta náà lé Bàbá lọ́wọ́. Arúgbó náà wo òkúta, ó wo ọmọ. Ẹni tí kò ka orí ènìyàn rí látọjọ́ tó ti dáyé gbé ìka rẹ̀ sókè, ó fi kan ọmọ náà níwájú orí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó sì ké sí Àrìnkẹ́ kí gbogbo ìlú lè gbọ́.

"Kọ̀wé sí Ọládipọ̀! Ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́rìndínlógún! Wí fún un pé èmi ni mo kà á."